Bí ẹ bá fẹ́ lóyún, tí ọkàn yín sì ní àrùn àbímọ́ni líle: ohun tó yẹ ní ṣíṣe, láti ìgbésẹ̀ dé ìgbésẹ̀

Àpá náà máa ń gùn láti ìsàlẹ̀ ọrùn wá dé ibi tí egungun àyà parí sí. Ẹni tó ni ín kì í rántí ọjọ́ tí wọ́n la àyà rẹ̀, torí pé ọmọ ọwọ́ ni nígbà náà. Ó dàgbà, ó kàwé, ó ń ṣiṣẹ́, ó wọlé ọkọ. Oyún rẹ̀ á ti pé oṣù márùn-ún kó tó jókòó síwájú mi, bí mo bá sì béèrè ọ̀rọ̀ àpá náà, á ní, "Nọ́ọ̀sì, wọ́n ti tún ọkàn mi ṣe ní kékeré. Ó ti jinná."

Mo ti gbọ́ "ó ti jinná" yẹn lọ́pọ̀ ìgbà, ó sì máa ń dùn mí, torí pé kò sẹ́ni tó jókòó ṣàlàyé fún un rí. Bí wọ́n bá bí ọmọ pẹ̀lú àrùn ọkàn líle, kì í ṣe ọkàn tuntun ni àwọn oníṣẹ́ abẹ ń fún un. Ọ̀nà ni wọ́n ń là fún ẹ̀jẹ̀: wọ́n á dí ihò, wọ́n á fẹ ibi tó fún, wọ́n á darí iṣan kan gba ibòmíràn. Ẹ̀mí ọmọ á dúró. Ṣùgbọ́n ọkàn náà ní ìwọ̀n tirẹ̀, tí kì í ṣe ìwọ̀n ọkàn ẹlòmíràn. Kí ẹ mọ ìwọ̀n tiyín nígbà tí ara yín ṣì le, kí oyún tó dé, kí ẹ lè tètè rí i bó bá yí padà: ohun tí mo ń bẹ̀ yín sí nìyẹn.

Ìdí ni pé oyún kì í ṣe ẹrù kékeré fún ọkàn. Ẹ̀jẹ̀ ara aboyún ń fi nǹkan bí ìdá 40 sí 50 nínú 100 pọ̀ sí i. Èyí tí ọkàn ń tì jáde ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan ń fi bí ìdá 30 sí 50 lé. Ọkàn á máa fi bí ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá sí ogún lù ju ti tẹ́lẹ̀ lọ láàárín ìṣẹ́jú kan. Láti àwọn ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ló ti ń bẹ̀rẹ̀, kí ikùn tó yọ rárá, ó sì máa ń dé téńté rẹ̀ ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 28 sí 32.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ wá orúkọ iṣẹ́ abẹ tí wọ́n ṣe fún yín

Orúkọ àrùn nìkan kò tó. Ẹ wo obìnrin méjì tí wọ́n jọ bí pẹ̀lú àrùn kan náà, èyí tí òpó ẹ̀jẹ̀ ńlá méjèèjì tó ń jáde láti inú ọkàn fi gba ipò ara wọn. Iṣẹ́ abẹ Mustard tàbí Senning ni wọ́n ṣe fún ẹni àkọ́kọ́. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń lọ síbi tó yẹ, ṣùgbọ́n apá ọ̀tún ọkàn rẹ̀, tó yẹ kó máa ti ẹ̀jẹ̀ sí ẹ̀dọ̀fóró nìkan, ló ń tì í káàkiri gbogbo ara láti ìgbà yẹn wá. Ẹnì kejì, òpó méjèèjì ni wọ́n gé tí wọ́n dá padà sí ààyè wọn, irú èyí tí dókítà Adib Jatene kọ́kọ́ ṣe yọrí ní Brazil ní 1975. Apá òsì ọkàn tirẹ̀ ló ń ṣe iṣẹ́ apá òsì. Àrùn wọn jẹ́ ọ̀kan, oyún wọn kì í ṣe ọ̀kan rárá.

Ẹlòmíràn wà tó jẹ́ pé yàrá ọkàn kan ṣoṣo ló lágbára láti ti ẹ̀jẹ̀. Irú wọn ni wọ́n ń ṣe iṣẹ́ abẹ Fontan fún, tí Francis Fontan ará Faransé gbé jáde fáyé rí ní 1971. Ẹ̀jẹ̀ tó ń bọ̀ láti ara ń ṣàn lọ sí ẹ̀dọ̀fóró fúnra rẹ̀, bí omi tó ń wá ìsàlẹ̀ lọ, láìsí ohun tó ń tì í. Bí ẹ bá ní Fontan, ó yẹ kí gbogbo ẹni tó bá fọwọ́ kan yín nínú oyún mọ̀ ọ́n.

Bí ìwé iṣẹ́ abẹ bá ti sọnù, ẹ kọ lẹ́tà sí ilé ìwòsàn tí wọ́n ti ṣe é. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn òbí yín pẹ̀lú sùúrù, torí ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kì í fẹ́ rántí àwọn ọjọ́ yẹn. Ibi tí àpá wà pàápàá ń sọ̀rọ̀: èyí tó wà láàárín àyà sábà máa ń fi hàn pé wọ́n ṣí ọkàn fúnra rẹ̀, èyí tó gba abẹ́ apá lọ sí ẹ̀yìn sábà máa ń jẹ́ ti òpó ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fẹ̀ tàbí iṣan tí wọ́n so mọ́ ẹ̀dọ̀fóró. Bí ìwé náà bá jáde, ẹ ya fọ́tò rẹ̀ sórí fóònù yín, kí ẹ sì fi ọ̀kan ránṣẹ́ sí ọkọ tàbí àbúrò yín.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ rí dókítà ọkàn kí ẹ tó fẹ́ra kù

Dókítà ọkàn tó mọ àrùn àbímọ́ni nínú àgbàlagbà ni kí ẹ wá. Ó yẹ kí wọ́n ya ọkàn yín pẹ̀lú ẹ́kò (síkáànì ọkàn), kí wọ́n ṣe ECG (èyí tó ń ya bí ọkàn ṣe ń lù sórí ìwé), kí wọ́n wọn ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀, kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, kí wọ́n sì mú yín rìn tàbí gun kẹ̀kẹ́ orí ẹ̀rọ kí wọ́n rí bí ọkàn ṣe ń ṣe nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́. Ẹlòmíràn á nílò MRI, ẹ̀rọ ńlá tó ń ya àwòrán inú ara. Ẹ má ṣe yẹ ìdánwò orí ẹ̀rọ yẹn sílẹ̀. Ẹni tí àrùn ti bá dàgbà ti mọ bí òun ṣe ń rọra gun àtẹ̀gùn láti kékeré, kò mọ̀ mọ́ pé ó ń rẹ òun. Ẹ̀rọ á sọ ọ́.

Lẹ́yìn èyí, dókítà á fi yín sí ìpele kan lórí ìlànà tí wọ́n gbé kalẹ̀ ní orúkọ Àjọ Ìlera Àgbáyé, láti I dé IV. Ihò kékeré tí wọ́n ti dí, tí kò fi nǹkan kan sílẹ̀, wà ní I. Tetralogy of Fallot, ìyẹn àbùkù mẹ́rin tó jọ máa ń wà nínú ọkàn kan, tí wọ́n ti tún ṣe dáadáa sábà máa ń wà ní II. Ìpele III ni ti Mustard àti Senning tí apá ọ̀tún ọkàn ṣì ń ṣiṣẹ́ dáadáa, ti Fontan tí kò mú ìṣòro wá, ti fáàfù (ilẹ̀kùn inú ọkàn) onírin, àti ti ẹni tí ètè rẹ̀ ń dúdú torí pé wọn kò tíì tún ọkàn rẹ̀ ṣe. Ìpele IV ni wọ́n ti máa ń gbani nímọ̀ràn pé kí ó má lóyún: ìfúnpá gíga nínú iṣan ẹ̀dọ̀fóró, ọkàn tí agbára ìtìjáde rẹ̀ kò tó ìdá 30 nínú 100, Fontan tó ti ń mú ìṣòro wá, òpó ẹ̀jẹ̀ ńlá tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí gbogbo ara (aorta) tó ti fẹ̀ kọjá ààlà.

N kò fẹ́ fi ọ̀rọ̀ bò yín lójú nípa ìpele IV. Nínú àwọn tí ìfúnpá ẹ̀dọ̀fóró wọn ti ga débi tí ẹ̀jẹ̀ fi ń yí gba inú ihò ọkàn padà, tí wọ́n ń pè ní Eisenmenger, àkọsílẹ̀ fi hàn pé láti 20 dé 50 nínú 100 ìyá ni oyún ń gba ẹ̀mí wọn. Ọ́síjìn tún ń sọ ti ọmọ. Bí ti ìyá tí ètè rẹ̀ ń dúdú bá wà lábẹ́ ìdá 85, nǹkan bí oyún 12 péré nínú 100 ló ń yọrí sí ọmọ alààyè. Bí ọ́síjìn náà bá ju ìdá 90 lọ, oyún tó ń yọrí sí ọmọ alààyè ń ju 90 nínú 100 lọ.

Ẹ jẹ́ kí n fi èkejì tì í. Nínú àkójọ kan tó gba oyún 5,739 jọ láti orílẹ̀-èdè 53, ti àwọn obìnrin tó ní onírúurú àrùn ọkàn, tí wọ́n tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 2019, ìyá tó kú kò pé ọ̀kan nínú 100. Àwọn tí ọkàn wọn kò lè ti ẹ̀jẹ̀ tó bó ṣe yẹ mọ́ (heart failure) tó nǹkan bí 11 nínú 100. Púpọ̀ nínú wọn gbóhùn ìyá, wọ́n gbóhùn ọmọ.

Ẹ béèrè àwọn nǹkan wọ̀nyí, kí ẹ sì kọ ìdáhùn sílẹ̀ níbẹ̀: Ìpele wo ni mo wà? Ǹjẹ́ ohun kan wà tí ẹ lè tún ṣe kí n tó lóyún, fáàfù tó ń jò, ibi tó ti fún padà? Ṣé kí n dúró, àbí bí mo bá ń dúró ni ọkàn á máa rẹ̀ sí i? Ìbéèrè ìkẹyìn yìí ṣe pàtàkì, torí àwọn ọkàn kan wà tí ọdún ń jẹ agbára wọn, tó fi jẹ́ pé ìgbà èwe ló dára jù fún wọn láti bímọ.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ kó gbogbo oògùn yín sínú àpò kan, ẹ gbé e lọ

Àwọn oògùn ọkàn kan ń ba ọmọ inú jẹ́. Enalapril, lisinopril, ramipril àti losartan lè ba kíndìnrín ọmọ jẹ́. Bosentan, ambrisentan àti macitentan, tí wọ́n ń lò fún ìfúnpá ẹ̀dọ̀fóró, kò bá oyún mu rárá. Amiodarone lè da ẹ̀yà ara kékeré inú ọrùn tó ń ṣètò ara ọmọ, tí wọ́n ń pè ní thyroid, láàmú. Atenolol lè dín ìdàgbàsókè ọmọ kù, wọ́n sì sábà máa ń fi labetalol tàbí metoprolol dípò rẹ̀.

Ti warfarin le jù, mo sì fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ kà á. Ẹni tó ní fáàfù onírin kò lè wà láìlo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, torí bí ẹ̀jẹ̀ bá dì sórí fáàfù, ìyá lè kú. Láàárín ọ̀sẹ̀ 6 sí 12, warfarin lè ba egungun àti imú ọmọ jẹ́, pàápàá bí ìwọ̀n rẹ̀ bá ju miligíráàmù 5 lọ lójúmọ́. Heparin, abẹ́rẹ́ tí òun náà kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, kì í gba ibi ọmọ kọjá dé ara ọmọ, ṣùgbọ́n kì í dáàbò bo fáàfù tó warfarin. Kò sí èyí tí kò ní ewu. Ìjíròrò yẹn gbọ́dọ̀ ti wáyé kí oyún tó dé, kí ètò ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan sì ti wà lórí ìwé.

Mo bẹ̀ yín, ẹ má dá oògùn kankan dúró fúnra yín nítorí pé ẹ ka ibi kan pé kò dára fún oyún. Mo mọ ẹni tó fi ìfẹ́ ọmọ da tirẹ̀ nù lọ́jọ́ tó rí i pé òun lóyún. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ìgbà náà ni wọ́n gbé e wọlé, kò lè sọ̀rọ̀ tán láìmí.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Bí ìdáhùn bá jẹ́ "ẹ dúró" tàbí "ẹ má ṣe é"

Ìfètò-sọ́mọ-bíbí tó dájú ni kí ẹ béèrè, lọ́jọ́ yẹn gan-an. Oògùn oníhóró tó ní estrogen (họ́mọ́ọ̀nù obìnrin) nínú máa ń mú kí ẹ̀jẹ̀ dì, nítorí náà kò yẹ Fontan, kò yẹ ẹni tí ètè rẹ̀ ń dúdú, kò sì yẹ ẹni tó ní ìfúnpá ẹ̀dọ̀fóró. Èyí tí wọ́n ń fi sábẹ́ awọ apá dára fún ọ̀pọ̀ wọn. Èyí tí wọ́n ń fi sínú ilé ọmọ náà dára, ṣùgbọ́n ìgbà tí wọ́n bá ń fi í sí i, lílù ọkàn lè já wálẹ̀ lójijì. Ilé ìwòsàn tí dókítà ọkàn wà nítòsí ni kí wọ́n ti ṣe é. Bosentan tún máa ń dín agbára àwọn tó ní họ́mọ́ọ̀nù kù.

Bó bá jẹ́ pé oyún ti wà nínú kí ẹ tó gbọ́ pé ìpele IV ni yín, ẹ má fi pamọ́ torí ìtìjú tàbí ìbẹ̀rù ohun tí wọ́n máa sọ. Ẹ lọ lọ́la. Ẹ ní ẹ̀tọ́ láti gbọ́ gbogbo ọ̀nà tó ṣí sílẹ̀, pẹ̀lú ti fífòpin sí oyún náà, ẹ̀yin lẹ sì máa pinnu. Èyíkéyìí tí ẹ bá yàn, ẹ ṣì ní ẹ̀tọ́ sí ìtọ́jú tó péye.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Nígbà tí ẹ bá ti fẹ́ra kù

Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn ni kí ẹ pe dókítà ọkàn, ẹ má dúró de ọjọ́ tí wọ́n ń gba orúkọ aláboyún. Àwọn tó yẹ kó pé lórí ọ̀rọ̀ yín ni dókítà ọkàn, dókítà aláboyún, agbẹ̀bí, dókítà tó ń kunni lóorun fún iṣẹ́ abẹ, àti dókítà ọmọ tuntun. Ìpele II á máa rí wọn lẹ́ẹ̀kan ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta, ó kéré tán. III àti IV á máa lọ lóṣooṣù tàbí lóṣù méjì-méjì, nígbà mìíràn jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ̀yin tó ní Fontan, ẹ mọ̀ pé nǹkan bí ìdajì oyún ni kì í dúró, ọ̀pọ̀ ọmọ tó bá sì dúró ni oṣù rẹ̀ kì í pé. Bí oyún bá wálẹ̀, kì í ṣe ohun tí ẹ gbé tàbí ohun tí ẹ jẹ ló fà á.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Ìwé kékeré inú ilé

Ẹ ra ìwé kan. Ojú ewé àkọ́kọ́, ẹ kọ ọ́ kí ẹ tó lóyún: ọ́síjìn, lílù ọkàn, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀, PCV (ìdá tí ẹ̀jẹ̀ pupa kó nínú ẹ̀jẹ̀ yín), ìwọ̀n ara, àti iye àtẹ̀gùn tí ẹ lè gùn láìdúró. Lẹ́yìn náà, ẹ máa kọ ti ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan sábẹ́ rẹ̀.

Nípa ìfúnpá, ẹ kọ apá tí wọ́n fi wọ̀n ọ́n. Mo ti rí i kedere lára obìnrin kan tí wọ́n tún òpó ẹ̀jẹ̀ ńlá rẹ̀ ṣe ní kékeré. Nọ́ọ̀sì tuntun wé ẹ̀rọ náà mọ́ apá òsì, ó ka 104, ó rẹ́rìn-ín, ó ní ó dára. Orí ń fọ́ obìnrin náà. Mo tú u, mo wé e mọ́ apá ọ̀tún: 162. Iṣan tó ń lọ sí apá òsì ni àwọn oníṣẹ́ abẹ ti gé lò fún àtúnṣe yẹn, apá náà kò sì lè sọ òótọ́ mọ́ títí ayé. Iṣẹ́ abẹ Blalock, Thomas àti Taussig, tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ní 29 Oṣù Kọkànlá, 1944, gbé iṣan apá lọ sí ẹ̀dọ̀fóró, apá tó bá jẹ́ ni ìlù rẹ̀ ń rẹlẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n wọn apá méjèèjì lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ kọ èyí tó ga, kó sì jẹ́ òun ni ẹ ó máa nà sí gbogbo nọ́ọ̀sì.

PCV náà ń tan èèyàn jẹ. Ara ẹni tí ọ́síjìn rẹ̀ kéré máa ń ṣe ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ láti fi dí i. Bí tiyín bá ti ń jẹ́ 55 láti ìgbà pípẹ́, tó wá di 38, ẹlòmíràn á ní ó dára fún aboyún. Fún yín, ẹ̀jẹ̀ ti kù nìyẹn, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé irin ara ló lọ sílẹ̀.

Aboyún wo ni kì í rẹ̀, àbí ẹsẹ̀ ta ni kì í wú? Ìdí nìyí tí ojú ewé àkọ́kọ́ fi wúlò. Ẹ lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà bí ẹ bá wá nílò ìrọ̀rí méjì tàbí mẹ́ta kí ẹ tó lè sùn, bí èémí bá jí yín lóru, bí ọkàn bá ń lù kìkìkì tí kò dáwọ́ dúró, bí òòyì bá gbé yín ṣubú, bí ẹ bá wúkọ́ ẹ̀jẹ̀, bí àyà bá ń dùn yín, tàbí tí ìwọ̀n ara bá fi kílò méjì lé láàárín ọjọ́ mélòó kan. Ẹ sọ níbi ẹnu ọ̀nà pé "mo ní àrùn ọkàn àbímọ́ni". Ẹ má ní "ó kàn rẹ̀ mí ni".

Ìgbésẹ̀ keje: Ọkàn ọmọ

Nínú ọmọ 100 tí wọ́n bí, nǹkan bí ọ̀kan ló ń ní àrùn ọkàn. Bí ìyá bá ní in, ó sábà máa ń di bíi 3 sí 5. Àwọn ìdílé kan wà tó ga jù bẹ́ẹ̀: ẹni tó ní àbùkù apilẹ̀ àbùdá tí wọ́n ń pè ní 22q11, ìdajì ni àǹfààní pé ọmọ á gbà á. Ẹ béèrè fún síkáànì tí wọ́n dìídì fi ń wo ọkàn ọmọ, láàárín ọ̀sẹ̀ 18 sí 22.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: Ètò ìkúnlẹ̀ lórí ìwé

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé iṣẹ́ abẹ ló dára jù fún ẹni tó ní àrùn ọkàn. Kò rí bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ yín. Bíbí láti ojú ara, pẹ̀lú abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn tó ń pa ìrora, kí ẹ fi ẹ̀gbẹ́ òsì dùbúlẹ̀, kí wọ́n sì fi irinṣẹ́ fa ọmọ jáde kí ẹ má baà fi agbára tì í pẹ́, máa ń dín ẹ̀jẹ̀ tó ń dànù kù, kì í sì í ni ọkàn lára bí wọ́n ṣe rò. Iṣẹ́ abẹ wà fún ẹni tí ìrọbí bá ká mọ́ orí warfarin, ẹni tí òpó ẹ̀jẹ̀ ńlá rẹ̀ fẹ̀ jù, ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò lè ti ẹ̀jẹ̀ tó bó ṣe yẹ mọ́, tàbí ẹni tí ọmọ fúnra rẹ̀ mú un wá.

Kí ètò náà ti wà lọ́wọ́ yín àti nínú fáìlì ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 28, torí ọmọ lè má dúró de oṣù rẹ̀. Kí ó sọ pé oxytocin, oògùn tó ń mú ilé ọmọ súnkì, máa wọlé díẹ̀díẹ̀, kì í ṣe lẹ́ẹ̀kan náà, kí ìfúnpá má baà já wálẹ̀. Kí ó sọ ẹni tí ergometrine, oògùn mìíràn tó ń mú ilé ọmọ súnkì, kò yẹ. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń gba inú ihò ọkàn yín láti ọ̀tún sí òsì, kí wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà pé afẹ́fẹ́ kankan kò gbọ́dọ̀ wà nínú okùn dírípù: ohun tí ẹ̀dọ̀fóró ẹlòmíràn á sẹ́ lè gba ọkàn yín tààrà lọ sí ọpọlọ.

Ìgbésẹ̀ kẹsàn-án: Ọmọ ti dé, ẹ má sọ ìṣọ́ kalẹ̀

Bí ilé ọmọ bá ti súnkì, ẹ̀jẹ̀ tó wà níbẹ̀ á padà rọ́ wá sínú ọkàn lẹ́ẹ̀kan náà. Omi tó ti kún ẹsẹ̀ náà á bẹ̀rẹ̀ sí í wọ inú iṣan. Nítorí náà, wákàtí 24 sí 48 àkọ́kọ́, ibi tí wọ́n ti ń wo ọkàn lórí ẹ̀rọ ni kí ẹ wà. Nínú àwọn tó ní Eisenmenger, ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ àti ìkejì lẹ́yìn ìbímọ ni ikú pọ̀ jù, nígbà tí gbogbo ilé ti ń jó, tí wọ́n ti ń kí ìyá ọmọ. Kí ẹni tó ń bá yín gbé ọmọ mọ àwọn àmì inú ìgbésẹ̀ kẹfà lórí.

Ẹ lè fún ọmọ lọ́yàn. Warfarin kì í bá ọmú dé ara ọmọ débi tó lè ṣe é ní nǹkan, enalapril náà ṣeé lò. Ẹ béèrè nípa ti ìyókù lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì yan ọ̀nà ìfètò-sọ́mọ-bíbí kí ẹ tó kúrò ní ilé ìwòsàn.

Ó lè gba oṣù mẹ́fà kí ara tó padà síbi tó wà. Nígbà tó bá pé, ẹ padà lọ fún ẹ́kò àti ìdánwò orí ẹ̀rọ, kí ẹ mú ìwé kékeré yẹn dání. Ẹ ṣí i sí ojú ewé àkọ́kọ́, ẹ gbé e síwájú dókítà, kí ẹ jọ fi ti àkọ́kọ́ wé ti òní, lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹnikẹ́ni tó dárúkọ ọmọ kejì.